Bí ẹ ṣe máa kọ proposal gíráǹtì fún iṣẹ́ ìlàjà tí wọn ò ní dá padà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń parí ìjà ládùúgbò ló mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò ti kíra wọn, wọ́n á mú wọn jókòó pọ̀, gbọ́nmi-si-omi-ò-to á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ká kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n lè rí gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́, fi tẹ̀ síwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ proposal, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó náà, ogún ojú ìwé, èsì á dé ní ìlà méjì pé ẹ ṣeun, kò bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Èmi náà ti gba irú èsì yẹn rí, mo sì ti bá àwọn míì ka tiwọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, àṣìṣe kan náà ló ń ṣe gbogbo wa: à ń kọ nípa àlàáfíà lápapọ̀ dípò ká kọ nípa ìjà tó wà nílẹ̀. Kò sí olówó, ìyẹn àjọ tó ń fúnni ní gíráǹtì, tó nílò ká ṣàlàyé fún un pé àlàáfíà dáa. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló ń bá ta jà, kí ni wọ́n ń jà lé lórí, kí ló sì máa yí padà láàárín wọn tówó òun bá wọlé.

Àpẹẹrẹ kan ni màá máa lò látòkè délẹ̀, ìyẹn àgbẹ̀ àti darandaran tí wọ́n jọ ń lo odò kan. Ẹ fi ìjà tiyín rọ́pò ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ ná

- Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Tí ẹ ò bá tíì ní, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ní tó lè bá yín gbowó náà, kí ẹ sì kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kówó tó dé, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.
- Akáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé ó kéré tán èèyàn méjì ló ń buwọ́ lù ú. Akáǹtì alága kọ́ o.
- Àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àtèyí tó jáde lọ́dún kan sí méjì sẹ́yìn. Àwọn olówó ńlá á tún béèrè èyí tí olùṣàyẹ̀wò owó ti buwọ́ lù.
- Ẹ̀rí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe: àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé àdéhùn tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí, lẹ́tà látọ̀dọ̀ ìhà méjèèjì. Mo ní méjèèjì. Lẹ́tà látọ̀dọ̀ ìhà kan ṣoṣo burú ju kó má sí rárá lọ, torí ṣe ló máa dà bíi pé ẹ ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan.

Tó bá jẹ́ owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ béèrè, wọ́n á bi yín fún nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀, tí wọ́n ń pè ní UEI, orí SAM.gov, ojúlé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ ti máa gbà á, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, torí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín gbà á ń jẹun lórí yín ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, kí ẹ ní kí ẹnìkan tí kì í ṣe akọ̀wé wá ìwé mẹ́ta nínú ẹ̀. Tó bá rí i láìpe akọ̀wé, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ gbọ́ ìjà náà lẹ́nu àwọn tó ń jà á

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù. Àwọn kan máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ gbogbo ohun tí wọ́n rò pé ó fa ìjà láìbi ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n bi olórí ìhà kan kí wọ́n sì fi parí ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹni tó ń ka proposal náà sì máa ń mọ̀ tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnìkan lẹ gbọ́, torí ìhà kan á ní orúkọ, á ní ìṣòro, á ní ìtàn, ìhà kejì á kàn jẹ́ "àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀".

Ẹ bá ìhà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bá olórí sọ̀rọ̀, ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀, ẹ bá ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbé igi síta tí ìjà bá dé sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan márùn-ún yìí: ta ló ń jà, kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an, ìgbà wo ló máa ń gbóná, ta ló ń jèrè tí ìjà ò bá tán, kí ló sì ṣì ń pa wọ́n pọ̀ títí dòní.

"Gan-an" yẹn ṣe pàtàkì. Ìjà tí gbogbo ayé ń pè ní ìjà ẹ̀sìn tàbí ìjà ẹ̀yà, tẹ́ ẹ bá wádìí ẹ̀ dáadáa, ẹ lè bá a pé ọ̀nà tí màlúù ń gbà dé odò ni, tí ẹnìkan ti dáko sí. Tẹ́ ẹ bá wá kọ "ìjà ẹ̀sìn" sínú ìwé, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa dábàá lẹ́yìn náà á jẹ́ ìpàdé àlùfáà pẹ̀lú ààfáà, ọ̀nà màlúù á ṣì wà níbi tó wà.

Ìbéèrè nípa ẹni tó ń jèrè náà, àwọn èèyàn máa ń fò ó torí ó ń bani lẹ́rù. Ẹ béèrè ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ èèyàn sínú proposal. "Àwọn tó ń ra màlúù tí wọ́n jí gbé" ti tó. Ìwé yín máa dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́ ẹ ò mọ̀, tórúkọ bá jò síta, ẹlòmíì ló máa fara gbá a. Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ má fi fọ́tò ojú ẹni tó wá sí ìpàdé ìlàjà ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ó gbà, kí ẹ sì ti ṣàlàyé ibi tó ń lọ fún un.

Ìbéèrè ìkẹyìn, ohun tó ṣì ń pa wọ́n pọ̀, òun lẹ máa kọ́lé lé. Bóyá obìnrin wọn ṣì jọ ń tajà lójú kan, bóyá ilé ìwé kan náà lọmọ wọn ń lọ. Nínú ìjà tó le gan-an pàápàá, ẹ máa rí nǹkan kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ìjà náà sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Ẹ kà á sí ẹnìkan létí láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní láti fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wọn bá ní "irọ́ lèyí", ẹ padà sídìí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá olówó tó bá ìwọ̀n yín mu

Àwọn líìsì gíráǹtì tó ń ká kiri ti gbó. USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kógbá sílé ní 2025. Torí náà, ojúlé olówó fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìkéde náà.

Ẹ tún mọ irú ẹnu ọ̀nà tí olówó kọ̀ọ̀kan ní. UN Peacebuilding Fund, àpò owó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) fún àlàáfíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 ló máa ń kọ́kọ́ sọ sáwọn èèyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn àjọ UN ni púpọ̀ nínú owó ẹ̀ ń gbà kọjá, ẹgbẹ́ kékeré tó bá fẹ́ nínú ẹ̀ máa ń di alábàáṣiṣẹ́ àjọ tó ti wà níbẹ̀ ni. Rotary ní gíráǹtì ńlá tí ìparí ìjà wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 dọ́là, ẹgbẹ́ Rotary láti orílẹ̀-èdè méjì ló sì gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary lẹ máa lọ bá, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. UNDEF, àpò owó UN míì, máa ń fúnni ní 100,000 sí 300,000 dọ́là, ètò ìjọba tiwa-n-tiwa ni tiwọn dá lé, torí náà ìlàjà yín gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ohùn ará ìlú nínú. Fáwọn ọ̀dọ́, Youth Solidarity Fund ti UNAOC, ẹ̀ka UN tó ń mú kí àwọn tí àṣà àti ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ gbọ́ra wọn yé, máa ń fúnni tó 25,000 dọ́là, ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́ ń darí ló wà fún. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilẹ̀ tí ìjà wà lè wo Women's Peace and Humanitarian Fund tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016.

Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n wà fún. International Fund for Ireland ti ń ná owó sórí ìlàjà níbẹ̀ láti 1986, bẹ́ẹ̀ ni PEACEPLUS ti 2021 sí 2027, ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) àti ìjọba Britain àti ti Ireland jọ ń náwó sí. Tẹ́ ò bá sí ní agbègbè yẹn, ẹ lè kẹ́kọ̀ọ́ lára ohun tí wọ́n ti ṣe, ẹ má kàn kọ̀wé sí wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù níbí ni iye. Ẹgbẹ́ tí ò tíì ná tó 5,000 dọ́là lọ́dún á lọ béèrè 200,000. Olówó á wò ó pé ta ló máa ṣírò ẹ̀ fún wọn? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tí kò jìnnà sí ohun tẹ́ ẹ ti ná rí.

Ohun kékeré kan tó ti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀: ọ̀rọ̀ "ọ̀dọ́". Ìpinnu 2250 tí Ìgbìmọ̀ Ààbò UN ṣe ní 2015 ní ọ̀dọ́ ni ẹni ọdún 18 sí 29. UNAOC gbà á dé 35. Ẹ ka ti olówó yín kẹ́ ẹ tó ka orí àwọn èèyàn yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìkéde náà ti dárúkọ orílẹ̀-èdè yín, irú ẹgbẹ́ yín, àti iye tẹ́ ẹ fẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Tó bá ku ọ̀kan, ẹ wá ibòmíì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ gbólóhùn "bí a bá"

Àwọn olówó ń pè é ní theory of change, orúkọ yẹn sì ti dẹ́rù ba èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbólóhùn kan ni: bí a bá ṣe báyìí, báyìí máa ṣẹlẹ̀, torí pé báyìí.

Èyí tí kò dáa: "Bí a bá dá àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́ nípa àlàáfíà, àlàáfíà máa jọba." Torí kí ni? Kò sẹ́ni tó ń jà torí pé kò gbọ́ rí pé ìjà ò dáa.

Èyí tó dáa: "Bí àgbẹ̀ àti darandaran bá jọ sàmì sí ọ̀nà odò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ láti ìhà méjèèjì sì ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gbìn tí màlúù bá jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìjà tó ń lo ohun ìjà máa dín kù, torí pé ohun tó ń mú wọn gbé e ni pé ẹjọ́ wọn ń pẹ́ ní kóòtù, wọn kì í sì í ti kóòtù dé kí wọ́n ṣọ̀rẹ́."

Ẹ wo apá "torí pé" yẹn dáadáa, òun lolówó máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Inú ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ní Ìgbésẹ̀ 1 ló gbọ́dọ̀ ti wá, ọkàn yín kọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ yọ orúkọ àwọn èèyàn àti odò náà kúrò nínú gbólóhùn yín. Tó bá ṣì lè bá ìlú èyíkéyìí láyé mu, kò tíì jẹ́ tiyín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú iṣẹ́ tó bá gbólóhùn yẹn lọ

Tó bá jẹ́ workshop, workshop, workshop, ẹ dúró. Ẹni tó bá wá sí workshop ọjọ́ méjì lọ́pọ̀ ìgbà jẹ́ ẹni tí kò ní bá ẹnikẹ́ni jà tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta lẹni tó jẹ́ pé tí kò bá sí níbẹ̀, àdéhùn ò ní dúró? Kí ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Pípe igba èèyàn tí kò sì sí ẹni yẹn láàárín wọn, ariwo lásán ni.

Ẹ má ṣe kíákíá kó wọn pọ̀ sójú kan náà. Ìpàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ná, kí wọ́n tó wá jókòó pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi oṣù sílẹ̀ fún un nínú ìwé yín. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe, bíi gbígbẹ́ ibi omi fún màlúù, máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ lọ, nígbà tí ìbínú bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: owó yín fúnra ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. Ibi omi yẹn, ìhà ta ló máa wà? Ta lẹ máa gbà síṣẹ́? Ọkọ̀ ta lẹ máa háyà? Èdè wo lẹ máa fi ṣèpàdé? Ẹ to gbogbo ohun tówó yín máa fọwọ́ kàn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń pín wọn níyà tàbí ó ń so wọ́n pọ̀, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí èyí tó ń pín wọn. Do No Harm, ìyẹn ká má ṣe ìpalára, lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ní àyè fún un báyìí, ìlà kan péré làwọn èèyàn sì máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní apá kan nínú gbólóhùn "bí a bá" tó ń sìn. Èyí tí kò bá ní, ẹ yọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn jù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́

"Èèyàn 150 wá sí ìpàdé" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ju pé ìjókòó tó. Ẹ lọ bi àwọn ará ibẹ̀ pé kí lẹ máa rí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé nǹkan ti ń tutù? Wọ́n á sọ ohun tẹ́ ò lè rò: pé obìnrin lè dá lọ sódò lálẹ́, pé darandaran á pe àgbẹ̀ lórí fóònù kí màlúù tó kọjá. Èyí ti di ọ̀nà ìwádìí tó lórúkọ, Everyday Peace Indicators ni wọ́n ń pè é, àwọn olówó sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú irú àmì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ogún. Ẹ ka bó ṣe wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ ti gbéra, ẹ ò lè sọ ibi tẹ́ ẹ dé.

Kí ẹ sì fi eléyìí sọ́kàn: tí ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iye ẹjọ́ tí wọ́n ń mú wá lè *pọ̀ sí i* ní oṣù àkọ́kọ́, torí àwọn tó ń fìbínú dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ní ibi tí wọ́n lè sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú proposal látìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa dà bí àwáwí nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fún àmì kọ̀ọ̀kan, orúkọ iṣẹ́ ẹni tó máa kà á wà níbẹ̀, ìgbà tó máa kà á wà níbẹ̀, ibi tó ti máa rí i náà wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Inú iṣẹ́ ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ti ń jáde, kì í ṣe pé ẹ gbọ́ pé wọ́n ń fúnni ní 25,000 kẹ́ ẹ wá máa wá ohun tẹ́ ẹ máa fi kún un. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé ṣírò: ìpàdé 12, èèyàn 20, owó ọkọ̀ dọ́là 5 fẹ́nìkan, 1,200 nìyẹn. (Ẹ fi iye tiyín síbẹ̀.) Ìlà tó bá ní "oríṣiríṣi nǹkan, 2,000", ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé, ẹ ó sì ti jẹ́ kí wọ́n máa fura sí ìyókù.

Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: owó ìbẹ̀wò lẹ́yìn tí àdéhùn bá ti wà, torí ìgbà yẹn gan-an ló máa ń fẹ́ tú, owó ògbufọ̀, owó báńkì, àti owó kíka àwọn àmì Ìgbésẹ̀ 5, bí i 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀. Owó ọ́fíìsì yín, iná, íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ yín ni. Lọ́dọ̀ EU àti nínú ọ̀pọ̀ owó UN, 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń gbà fún un. Àwọn ẹgbẹ́ kan á kọ òdo síbẹ̀ kí wọ́n lè dà bí ẹni tí kò lójú kòkòrò, wọ́n á wá máa fi owó àpò wọn ra káàdì fóònù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre.

Owó ọkọ̀ ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlànà kan náà. Tí ẹnìkan bá gba márùn-ún, tí èkejì gba méje torí pé ọ̀nà tiẹ̀ jìn, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ níwájú gbogbo wọn kó tó di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹni tí kò bá yín kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì wo nọ́ńbà nìkan, ó sì lè sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyókù, èyí ò le mọ́. Ẹ dáhùn ìbéèrè fọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe béèrè ẹ̀, ní títò tí wọ́n tò ó. EU sábà máa ń gba ìwé kúkúrú ná tí wọ́n ń pè ní concept note, ìgbà tẹ́ ẹ bá yege ni wọ́n á wá béèrè ìwé kíkún, torí náà ẹ má kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín sínú àkọ́kọ́. Àkópọ̀ tó wà lójú ìwé kìíní, òun ni kẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn.

Ẹ wo aago. "Aago 12 ọ̀sán Brussels" (ìlú tí ọ́fíìsì EU wà) kì í ṣe aago 12 yín. Ojúlé wọn sì máa ń lọ́ra lọ́jọ́ ìkẹyìn torí gbogbo ayé ló ń gun un, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ímeèlì tàbí nọ́ńbà pé wọ́n ti gbà á wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti tọ́jú ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gan-an.

Ìgbésẹ̀ 8: Èsì

Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ kọ̀wé ìlà mẹ́ta láti dúpẹ́ kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tó kù sí. Àwọn kan ò ní dáhùn. Àwọn tó bá dáhùn ti fún yín ní ohun tó tó owó.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ka àdéhùn kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú: ẹ̀ẹ̀melòó lowó máa wọlé, ripọ́ọ̀tù wo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí tó kàn, irú owó wo ni wọ́n máa fi san, ta ló máa jìyà ẹ̀ tí pàṣípààrọ̀ bá yí. Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí iṣẹ́ ò lè lọ, ta lẹ máa sọ fún, láàárín ọjọ́ mélòó? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, ẹ pe ìhà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà kẹ́ ẹ sọ iye tó wọlé àti ohun tó wà fún. Ẹ má jẹ́ kí ìhà kan gbọ́ ṣáájú, kódà pẹ̀lú wákàtí díẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ó yọrí ni pé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá bi àgbẹ̀ kan lóko àti darandaran kan létí odò pé èló ni, iye kan náà ni wọ́n máa pè fún yín.